Ẹyọ, Àtẹ̀gùn àti Ìbejì: Lámèyítọ́ Àwọn Àfiwé Tí A Fi Ń Kọ́ Ọmọ ní Físíìsì Kúántọ́ọ̀mù Nínú Ilé

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe lámèyítọ́ àwọn àfiwé tí òbí máa ń lò láti mú kí ìpìlẹ̀ físíìsì kúántọ́ọ̀mù yé ọmọ nínú ilé. A yẹ ìwé Chris Ferrie, Quantum Physics for Babies (2017), àti ti George Gamow, Mr Tompkins in Wonderland (1940), wò gẹ́gẹ́ bí ìwé tí òbí tó ń gbé òkè òkun lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a gbé àwọn àfiwé tó ti inú èdè àti àṣà Yorùbá jáde sórí òṣùwọ̀n kan náà: ẹyọ, àtẹ̀gùn, ìbejì àti ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èrò wa ni pé àfiwé tó yẹ ọmọ ni èyí tí òbí lè fi ibi tó ti kán hàn án, àti pé nínú ẹ̀kọ́ yìí, èdè òṣùwọ̀n ni ó yẹ kí Yorùbá jẹ́, kì í ṣe èdè idán.

Ìfáárà

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kúántọ́ọ̀mù, nítorí pé ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Werner Heisenberg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé ìlànà ìṣirò ìmọ̀ náà kalẹ̀ ní 1925. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní yàrá ìwádìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń gbọ́ ọ nínú fíìmù àti nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀, yóò sì gbé e wálé bí ìbéèrè: kí ni kúántọ́ọ̀mù?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní òkè òkun, Yorùbá ni a fi ń kí ara wa, òun ni a fi ń pe ọmọ wá jẹun, òun náà ni a sì fi ń bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti béèrè ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí, òbí á yíjú sí Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Pọtogí, tàbí Sípáníìṣì. Kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ náà pé ibi tí ìrònú bá ti bẹ̀rẹ̀ ni Yorùbá ń parí sí, àmọ́ ó ti kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá fi máa pé ọdún mẹ́tàlá, yóò ti fi èdè náà sí ààyè tí a fi í sí.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Láti 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà lára rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nítorí náà, a kò ní tún àríyànjiyàn yẹn jà níbí. Ohun tí à ń béèrè ni pé irú Yorùbá wo ni a ó fi ṣe é, nítorí àfiwé tí kò tọ́ lè ba ìmọ̀ náà àti èdè náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó máa bi àfiwé kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, kí ni ó gbé wá fún ọmọ? Èkejì, níbo ni ó ti kán, ṣé òbí sì lè fi ojú ibẹ̀ han ọmọ? Ẹ̀kẹta, kí ni ó ń sọ fún ọmọ nípa èdè tí a fi sọ ọ́?

Bọ́ọ̀lù Ferrie

Chris Ferrie jẹ́ onímọ̀ físíìsì kúántọ́ọ̀mù, ọmọ Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ ní Sydney. Ìwé rẹ̀ kéré, páálí ni ojú ewé rẹ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì ni ó sì ń wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sọ pé bọ́ọ̀lù ní okun, ó sọ pé átọ́ọ̀mù ni a fi ṣe gbogbo nǹkan, ó wá dé orí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń yí àárín átọ́ọ̀mù ká, tó lè wà ní ipò kan tàbí òmíràn, ṣùgbọ́n tí kò lè dúró sí agbede-méjì wọn. Ní ìparí, ó yin ọmọ ọwọ́ náà pé ó ti di onímọ̀ kúántọ́ọ̀mù.

Ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ kò lè lóye èyí. Òbí gan-an ni òǹkàwé ìwé náà, iṣẹ́ tí ìwé náà sì ṣe dáadáa jù ni pé ó mú ẹ̀rù kúrò lára òbí. Ó ṣe ohun mìíràn tó yẹ fún ìyìn: kò pe kúántọ́ọ̀mù ní idán. Kókó tó mú ni kókó tó tọ́, ìyẹn pé okun inú átọ́ọ̀mù wà ní ìpele ìpele, kì í ṣàn bí omi.

Ṣùgbọ́n àfiwé bọ́ọ̀lù kán ní ibi tí ìwé náà kò fi hàn. Nígbà tí ó bá fi máa dé orí átọ́ọ̀mù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ti di bọ́ọ̀lù kékeré tó jókòó sórí òrùka. Àwòrán tí Niels Bohr gbé kalẹ̀ ní 1913 ni èyí, àwọn onímọ̀ sì ti kọjá rẹ̀ kí 1930 tó dé. Ọmọ tó bá gbé àwòrán yìí dàgbà yóò ní láti kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀ kí ó tó lè kọ́ òmíràn. Gbólóhùn kan láti ẹnu òbí ti tó láti dí àlàfo náà: “Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi yà á kí a lè rí i, àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù.”

Àlá Gamow

George Gamow, ọmọ bíbí Odessa tó di ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Akọ̀wé báńkì ni Ọ̀gbẹ́ni Tompkins inú ìwé rẹ̀. Ó ń lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, oorun á gbé e lọ, á sì bá ara rẹ̀ nínú ayé tí òǹkà àdánidá ti yàtọ̀. Òǹkà Planck, tó jẹ́ 6.626 × 10⁻³⁴ nínú òṣùwọ̀n wa, ti di ńlá níbẹ̀, débi pé bọ́ọ̀lù orí tábìlì kò ní ojú kan pàtó mọ́, ó ń tàn kálẹ̀ bí èéfín.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú èyí. Gamow kò sọ pé ayé kúántọ́ọ̀mù jẹ́ ayé ọ̀tọ̀. Ó sọ pé ayé wa yìí náà ni, pé kíkéré òǹkà kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí a rí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dí èyí mú: “Bí òǹkà yìí bá tóbi ni, à bá máa rí i nínú ilé ìdáná.” Kò sí ìwé ọmọdé òde òní tí a mọ̀ tó sọ ọ́ kedere jù báyìí lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni aṣọ tó wọ̀ fún un. Nígbà tí Gamow fẹ́ fi ìyanu tó jinlẹ̀ hàn, ó gbé akọ̀wé rẹ̀ gun erin wọ inú igbó, níbi tí ẹkùn tí kò ní ojú kan pàtó ti kọlù wọ́n. Báńkì àti yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà nílùú òyìnbó, níbi tí nǹkan ti létò, nígbà tí igbó ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ ilé àdììtú. Òǹkàwé Yorùbá mọ irú àwòrán yìí dáadáa. Bí a bá fi ìwé náà kọ́ ọmọ láìsọ̀rọ̀ lórí èyí, a ó kọ́ ọ ní físíìsì, a ó sì tún kọ́ ọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ìrònú ń gbé. A kò sọ pé kí a ju ìwé náà nù. Kí òbí ka tábìlì bọ́ọ̀lù sókè, kí ó sì dúró ní ẹnu ọ̀nà igbó, kí ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi gbà pé ibẹ̀ ni ìyanu gbọ́dọ̀ wà.

Agbára, ipá tàbí okun?

Ìdíwọ́ kan wà tí òbí yóò bá pàdé kí ó tó dé orí kúántọ́ọ̀mù rárá. Tí ó bá fẹ́ sọ ohun tí Ferrie sọ nípa bọ́ọ̀lù, “agbára” ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n agbára ni ti ọba, ti oògùn, ti adúrà àti ti iná mànàmáná. Ọmọ tó bá gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ní agbára yóò rò pé bọ́ọ̀lù náà le ni, tàbí pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Físíìsì ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ tí a máa ń dà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ohun tí a fi ti ilẹ̀kùn ni ipá. Ohun tí oúnjẹ fún wa, tí a ń ná bí a bá ń ṣiṣẹ́, tí kì í pòórá bí kò ṣe pé ó bọ́ láti ara nǹkan kan sí òmíràn, ni okun. Bí a ṣe ń yára ná okun náà tó ni agbára. Ọmọ méjì tí ìwọ̀n ara wọn dọ́gba gun àtẹ̀gùn ilé kan náà: okun tí wọ́n fi gbé ara wọn dókè dọ́gba, ṣùgbọ́n èyí tó sáré gùn ún ni agbára rẹ̀ pọ̀. Ìyàtọ̀ yìí wà nínú Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù ni kí a máa lò ó láìyẹsẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkè òkun ń kọ́ èdè ní láti kíyè sí ohùn pẹ̀lú. Okun tí à ń sọ yìí kì í ṣe òkun tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà, kì í sì í ṣe okùn tí a fi ń so ẹran. Ẹ̀kọ́ físíìsì di ẹ̀kọ́ àmì ohùn lójú kan náà, nítorí ọmọ tó bá ṣi ohùn pè yóò rí i pé ìtumọ̀ ti yí padà.

Ẹyọ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1900, Max Planck sọ ní Berlin pé òun kò lè ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ara ohun gbígbóná jáde àfi bí òun bá gbà pé ẹyọ ẹyọ ni okun náà ń jáde. Ní 1905, Albert Einstein sọ pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé okun rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ìdí nìyí tí a fi dámọ̀ràn “ẹyọ okun” fún ohun tí ọ̀rọ̀ kúántọ́ọ̀mù ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àfipáṣe. Yorùbá ya “díẹ̀díẹ̀” sọ́tọ̀ kúrò lára “ẹyọ ẹyọ” láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní físíìsì. Omi ń jò díẹ̀díẹ̀. Ẹyin ni a ń kà ní ẹyọ ẹyọ. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná jẹ́ ohun tí a kò lè là sí méjì kí ó sì tún jẹ́ owó. Láti orí ẹyọ kan títí dé ọ̀kẹ́ kan, tó jẹ́ 20,000, iye ẹyọ ni a ń kà; kò sí ìdajì ẹyọ níbẹ̀. Ohun tí físíìsì àtijọ́ rò pé ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni Planck rí pé ẹyọ ẹyọ ni. Gbólóhùn kan péré nìyí, ó sì ti gbé ìdá kan pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ náà.

Òbí lè fi ojú ọmọ rí i nínú yàrá. Ìràwọ̀ oníke tí a ń lẹ̀ mọ́ àjà, tó ń tàn nínú òkùnkùn, ni a nílò, pẹ̀lú gílóòbù LED tó lè yí àwọ̀ padà. Kí a fi ìràwọ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀ mọ́jú kí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ lè tán. Kí a wá tan iná pupa sí i nínú yàrá tó ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà iná búlúù. Kí òbí tan gílóòbù náà han ọmọ ná, nítorí “pupa” Yorùbá gbòòrò: pupa ẹyin náà ni a ń pè ní pupa, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti ìyeyè. Ọ̀rọ̀ wọn lè lọ báyìí:

“Màámi, iná pupa yìí ò ràn án o. Ẹ jẹ́ kí n sún un mọ́ ọn.”

“Sún un mọ́ ọn dáadáa. Ṣé ó tàn?”

“Rárá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.”

“Ó dáa, dín iná kù, kí o wá yí i sí búlúù.”

“Háà, ó ti tàn!”

“Èwo ló mọ́lẹ̀ jù nínú méjèèjì?”

“Pupa ni. Kí ló wá dé tí búlúù kékeré fi ṣe ohun tí pupa ńlá ò lè ṣe?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ẹ̀kọ́ náà. Kí ó sì hàn gbangba pé “ẹ” ọ̀wọ̀ kò dí ìbéèrè ọmọ lọ́wọ́. Nínú ìwé Russell Stannard, Uncle Albert and the Quantum Quest (1994), ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Gedanken ń bá àgbà rẹ̀ jiyàn ní pẹrẹu, àwọn òbí kan sì lè rò pé irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ilé Yorùbá mu. Ó bá a mu. Ọmọ lè fi “ẹ” pe ìyá rẹ̀, kí ó sì ní kí ìyá náà wò ó fúnra rẹ̀.

Ìdáhùn ni pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ẹyọ tirẹ̀. Bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ pupa bá jẹ́ nǹkan bíi 2 nínú òṣùwọ̀n tí a ń pè ní eV, ti búlúù súnmọ́ 2.8. Ìràwọ̀ náà ń béèrè ẹyọ kan tó tóbi tó, kò sì gbà kí a da ẹyọ kéékèèké pọ̀. Ọmọ tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ irú èyí: ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá, owó pọ́n-ùn kan ni a ń fi sí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù kí ó tó ṣí. Ọgọ́rùn-ún pẹ́nì tó pọ́n-ùn kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣí kẹ̀kẹ́ náà. Iná pupa tó mọ́lẹ̀ gan-an dà bí àpò pẹ́nì. Iná búlúù tó rẹlẹ̀ dà bí pọ́n-ùn kan.

Níbo ni àfiwé yìí ti kán? Ibi méjì ni. Kẹ̀kẹ́ ń dá owó wa padà ní pípé, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé tí ìràwọ̀ dá padà kéré ní ẹyọ sí búlúù tó gbà. Ìyókù ti di ooru. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: owó wà ní ibì kan nínú àpò kí a tó yọ ọ́, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àfiwé náà kán yìí ni ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ tó kàn.

Àtẹ̀gùn náà yẹ fún ìyẹ̀wò ráńpẹ́. Ó dára fún ìpele inú átọ́ọ̀mù, nítorí a lè dúró sórí ìpele kìn-ín-ní tàbí ìkejì, a kò lè dúró sí àárín wọn. Ṣùgbọ́n ìpele àtẹ̀gùn ilé dọ́gba. Ti átọ́ọ̀mù háídrójìn kò dọ́gba: okun tí a nílò láti yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò jẹ́ 13.6 eV láti ìpele àkọ́kọ́, 3.4 láti ìkejì, nǹkan bíi 1.5 láti ìkẹta. Bí a bá ṣe ń gòkè ni ìpele ń súnmọ́ ara wọn. Ọmọ lè fi rúlà ya irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ sórí ìwé, yóò sì ti ṣe àtúnṣe sí àfiwé náà fúnra rẹ̀.

“Ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà”

Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń ṣàlàyé kúántọ́ọ̀mù ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà sí Yorùbá, ibi tí yóò balẹ̀ sí yàtọ̀. Ohun tó ń wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú fíìmù tí ọmọ ń bá ìyá àgbà wò ni àjẹ́, iwin, tàbí ẹni tó ní egbé lọ́wọ́. Ọmọ yóò gbà pé ó ti yé òun, ohun tó yé e kì í sì í ṣe ohun tí à ń sọ. Èyí tó burú jù ni pé Yorùbá yóò di èdè ìyanu fún un, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì di èdè àlàyé. Ohun tí igbó Gamow ṣe láti òde ni a ó fi ọwọ́ ara wa ṣe nínú ilé.

Ọ̀nà tó dára jù bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọ́n omi. Kí ọmọ fi ìka kan máa gbọn omi, kí ó wo ìgbì tó ń jáde. Kí ó wá fi ìka méjì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò rí ibi tí omi ga sí i, yóò sì rí ibi tó parọ́rọ́, nítorí òkè ìgbì kan pàdé kòtò ìgbì kejì. Ìmọ́lẹ̀ àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe bákan náà bí a bá fún wọn ní ihò tóóró méjì láti gbà kọjá. Ní 1989, Akira Tonomura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀nà méjì. Tó, tó, tó, àmì kọ̀ọ̀kan hàn lójú kan péré, bí ẹyọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìlà ìlà ni wọ́n tò sí, bí ìgbì.

Kókó tó yẹ kí ọmọ mú nìyí: àwọn ojú kan wà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń bọ́ sí nígbà tí ọ̀nà kan ṣoṣo wà ní ṣíṣí, tí kò ní bọ́ síbẹ̀ mọ́ bí a bá ṣí ìkejì. A fi ọ̀nà kún ọ̀nà, ibì kan sì ṣófo. Owó ẹyọ kò lè ṣe èyí, bọ́ọ̀lù kò lè ṣe é.

Báwo ni a ó ṣe sọ ọ́ láìpe idán? A dámọ̀ràn gbólóhùn yìí: “Ọ̀nà méjèèjì ni ó lọ́wọ́ nínú ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò bọ́ sí.” Nípa pé nǹkan “lọ́wọ́ nínú” ọ̀rọ̀ kan, Yorùbá ń sọ pé ó kópa nínú àbájáde rẹ̀, láìsọ pé ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí ìṣirò náà sì sọ gan-an nìyí: a ṣírò ipa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, a pa wọ́n pọ̀, ipa méjì sì lè pa ara wọn rẹ́. Ká fi ìkejì tì í: “A kò lè sọ ibi tí ẹyọ kan yóò bọ́ sí, ṣùgbọ́n a lè ṣírò ibi tí púpọ̀ yóò kó jọ sí.” Gbólóhùn méjèèjì kò dẹ́rù bani, kò sì parọ́.

Ìbejì àti ọ̀pẹ̀lẹ̀

Àfiwé méjì kù tí a gbọ́dọ̀ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí pé ìfẹ́ àṣà ni ó ń gbé wọn wá.

Èkíní ni ìbejì. Ìmọ̀ kúántọ́ọ̀mù sọ pé ẹyọ méjì tó jáde pọ̀ láti orísun kan lè wà ní ìsopọ̀, débi pé bí a bá wọn ọ̀kan ní ìlú kan, àbájáde rẹ̀ bá ti ìkejì tó wà ní ọ̀nà jíjìn mu. Yorùbá tó ń gbé ère ìbejì lárugẹ yóò sọ pé: Táíwò àti Kẹ́hìndé nìyẹn. Ó dùn mọ́ni, ó sì mú ọmọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Kí ló dé tí ìbejì fi jọra? Nítorí pé ohun tí wọ́n gbé láti inú ìyá wọn kan náà ni. Bí Táíwò bá wà ní London tí Kẹ́hìndé sì wà ní Ìbàdàn, kò yani lẹ́nu pé ojú wọn jọ. Ìdáhùn ti wà lára wọn kí wọ́n tó pínyà.

Ní 1964, John Bell fi ìṣirò hàn pé bí ẹyọ méjì bá gbé ìdáhùn wọn láti orísun báyìí, ààlà kan wà tí ìbáramu wọn kò lè kọjá nígbà tí a bá ń bi wọ́n ní oríṣiríṣi ìbéèrè. Àwọn àdánwò tó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọ́n kọjá ààlà náà. Iṣẹ́ yìí ni Alain Aspect, John Clauser àti Anton Zeilinger gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2022. Èyí já sí pé àfiwé ìbejì kọ́ ọmọ ní ohun náà gan-an tí àdánwò ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó kán ní etí. Àárín rẹ̀ ni ó ti kán. Bí òbí bá fẹ́ lò ó, ó lè lò ó ní òdìkejì: kí ó ṣàlàyé bí ìbejì ṣe jọra, kí ó wá sọ pé ẹyọ wọ̀nyí bára mu ju bí ìbejì ti lè ṣe lọ, síbẹ̀ tí a kò lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara wa. Ọmọ tó bá ti tó ọdún méjìlá lè gbé e. Fún èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ìbejì máa jẹ́ ìbejì.

Èkejì ni ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá, Brazil tàbí Cuba ni òǹkàwé wa ìbáà wà, yóò ti gbọ́ pé kúántọ́ọ̀mù ti wà nínú Ifá látijọ́. Apá kan wà tó jẹ́ òtítọ́ tó dúró gbọn-in: ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní èso mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú bolẹ̀ tàbí kí ó ṣíjú sókè, iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà balẹ̀ sì jẹ́ 256, èyí tó jẹ́ iye odù. Ìmọ̀ ìṣirò ni èyí, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n kí ó sì fi yangàn. Ẹ jẹ́ kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti orí èso méjì, mẹ́ta, dé mẹ́jọ, kí ó rí bí iye náà ṣe ń di ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n èso tó wà lójú afẹ́fẹ́ kò wà ní ipò méjì pọ̀. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ibì kan ni ó dojú kọ. Ojú wa ni kò lè tẹ̀ lé e. Ó dà bíi kọ́ọ̀sì tí a ta sókè. Nínú irú àìdájú bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí a bá fi kún ọ̀nà kì í sọ ibì kan di òfìfo. Ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pẹ̀lẹ̀ wúlò gan-an fún ẹ̀kọ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń mọ àìdájú lásán yàtọ̀ sí ti kúántọ́ọ̀mù. Kò pa Ifá lára rárá. Ẹni tó bá ní kí físíìsì wá jẹ́rìí sí Ifá kí ó tó níyì ti kọ́kọ́ gbà pé kò níyì tẹ́lẹ̀. Babaláwo kankan kò bẹ Planck ní ẹ̀rí.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àfiwé tí a yẹ̀ wò, ẹyọ ló lágbára jù, nítorí ìyàtọ̀ tó dá lé lórí wà nínú gírámà Yorùbá fúnra rẹ̀, ibi tó sì ti kán ṣí ọ̀nà sí ẹ̀kọ́ ìgbì. Àtẹ̀gùn wúlò bí a bá yí ìpele rẹ̀ padà. Bọ́ọ̀lù Ferrie wúlò bí òbí bá sọ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Òǹkà Gamow wúlò bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú igbó rẹ̀. Ìbejì àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ wúlò gẹ́gẹ́ bí ohun ìfiyàtọ̀, wọn kò wúlò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

A máa ń sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Àfiwé nínú sáyẹ́ǹsì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó gun ẹṣin ní láti mọ ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Òbí kò nílò oyè nínú físíìsì láti ṣe èyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó dúró lójú kan, okun, ẹyọ àti ìgbì, ìràwọ̀ oníke kan, ọpọ́n omi kan, àti ìgboyà láti sọ fún ọmọ ní Yorùbá pé “ibí yìí ni àfiwé wa parí sí, ká wá òmíràn” ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún àwa olùwádìí ni kí a fẹnu kò lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ọmọdé tí a kọ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí òbí má baà máa túmọ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọmọ ń dúró de ìdáhùn.